Orí Keje: Ìbẹ̀rù Ogun Láàárín Ìsìláàmù àti Ilẹ̀ Òyìnbó, àti Ohun tí Òkè-Ògùn Fi Hàn

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2001, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí Afghanistan. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 12 oṣù náà, àwọn ènìyàn jáde ní Kánò lẹ́yìn ìrun láti fi ẹ̀hónú hàn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti di ìjà, wọ́n ti dáná sun ilé àti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀mí sì ti ṣòfò. Ẹni tí wọ́n pa kò dé Afghanistan rí, ẹni tó pa á náà kò débẹ̀.

Rédíò tó gbé ìròyìn bọ́ǹbù náà dé Kánò ló gbé e dé Òkàkà, Òtu, Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí. Òkàkà jẹ́ ìlú àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti ń ti oko wọ ọjà. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo Òkè-Ògùn, Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì pọ̀, àwọn tó ń bọ òrìṣà kò sì tíì tán. Wọ́n gbọ́ ìròyìn náà, àwọn kan bínú, àwọn kan káàánú, àwọn mìíràn jiyàn lórí rẹ̀ títí ọjà fi tú. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kọ lu aládùúgbò rẹ̀ nítorí Afghanistan. Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Ìbéèrè yẹn ni orí yìí dá lé lórí. Ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn tó bí àwa Yorùbá ṣe máa ń fẹ́ kó rọrùn nígbà tí a bá ń yin ara wa.

Ọ̀rọ̀ tó ti òkè òkun wá

Nígbà tí àtakò láàárín Amẹ́ríkà àti Soviet parí, àwọn onímọ̀ ìṣèlú ní ilẹ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí ìjà ayé yóò máa dá lé lórí láti ìgbà náà lọ. Ní ọdún 1990, Bernard Lewis kọ àròkọ kan nípa ìbínú àwọn Mùsùlùmí sí ilẹ̀ òyìnbó nínú ìwé ìròyìn The Atlantic. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Samuel Huntington, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Harvard, gbé èrò náà síwájú nínú ìwé ìròyìn Foreign Affairs, ó sì sọ ọ́ di odidi ìwé ní 1996. Ohun tó ń wí ni pé kì í ṣe owó tàbí èrò òṣèlú ni yóò máa dá ìjà ńlá sílẹ̀ mọ́. Ó ní ọ̀làjú ni yóò máa dojú kọ ọ̀làjú, àti pé ẹ̀sìn ni gbòǹgbò ọ̀làjú. Ó ka àwọn ọ̀làjú náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ti Ìwọ̀-Oòrùn, ti Ìsìláàmù, ti Híńdù, ti Japan àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó kan ilẹ̀ Áfíríkà, ó fi "bóyá" síwájú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ síbi "bóyá" yẹn. Àárín ọdún 1993 ni àròkọ Huntington jáde. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ní ọjọ́ 12, àwọn ọmọ Nàìjíríà dìbò yan ààrẹ. Ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ni Moshood Abíọ́lá, Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá, tó kàwé ní Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta àti ní yunifásítì Glasgow ní Scotland, tó sì jẹ́ Baba Àdínì ilẹ̀ Yorùbá. Mùsùlùmí ni igbákejì rẹ̀, Babagana Kingibe. Ọ̀pọ̀ àgbègbè tí Kìrìsìtẹ́nì ti pọ̀ jù ló dìbò fún wọn. Ológun fagi lé ìbò náà, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn kọ́ ni wọ́n sọ pé ó fà á. Inú ọ̀làjú wo ni Huntington ìbá fi Abíọ́lá sí? Ilé ìwé Baptist ló tọ́ ọ, Kùránì ló ń kà, Scotland ló ti kọ́ ìṣirò owó, oríkì Ẹ̀gbá ni wọ́n fi ń kì í. Kò sí ibi tí ìlà tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà fà ti lè gba àárín irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kọjá.

Síbẹ̀, èrò Huntington gbilẹ̀, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ní New York àti Washington dà bí ẹ̀rí fún un lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìkọlù náà, Ààrẹ George W. Bush fi orúkọ ogun àgbélébùú àtijọ́ pe ogun tó fẹ́ jà. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí kan ní Washington láti sọ pé ẹ̀sìn àlàáfíà ni Ìsìláàmù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ló rìn jìnnà ju ti èkejì lọ. Edward Said, ọmọ Palẹ́sítínì tó ń kọ́ni ní yunifásítì Columbia, dá Huntington lóhùn ní oṣù Kẹwàá ọdún náà pé àìmọ̀kan ló ń kọ lu àìmọ̀kan. Ó ní kò sí ọ̀làjú tó jẹ́ odidi kan tí kò ní àríyànjiyàn nínú ara rẹ̀. Ọdún 2001 yìí kan náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti yà sọ́tọ̀ fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín àwọn ọ̀làjú, nítorí àbá tí Ààrẹ Mohammad Khatami ti Iran mú wá.

A ó kúrò nídìí ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wàyí, ká wo ilẹ̀ tiwa.

Ọmọ Òṣoògùn láàárín ẹ̀sìn méjì

Òṣoògùn kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Àjàyí sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, nígbà tí àwọn ará ilé ń se oúnjẹ àárọ̀, ariwo ta pé ogun dé. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ló wà nínú ọmọ ogun náà. Wọ́n sun ìlú, wọ́n sì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ló ti di Kìrìsìtẹ́nì. Lẹ́yìn náà ó di àlùfáà, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Ẹ jẹ́ ká ka ọwọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọdé yìí. Mùsùlùmí ló kó o, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Yorùbá bíi tirẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì Potogí ló rà á. Kìrìsìtẹ́nì Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á, àwọn tí orílẹ̀-èdè tiwọn náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣòwò ẹrú kí wọ́n tó fi òfin dè é ní 1807. Ìdí tí ogun fi dé Òṣoògùn kò sì jẹ́ ẹ̀sìn nìkan. Ọ̀yọ́ Ilé ti ń wó láti inú wá. Àfọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́, ti ya Ìlọrin kúrò lábẹ́ Aláàfin, ó sì ti ké sí Álímì, àáfà Fúlàní, àti àwọn jàmáà, ìyẹn àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí, láti ràn án lọ́wọ́, títí àwọn tó pè fi gba ìlú mọ́ ọn lọ́wọ́. Olórí ogun ń wá ẹrú, oníṣòwò ń wá owó, àwọn oníwàásù kan ń wá ilẹ̀ tí òfin ẹ̀sìn wọn yóò ti múlẹ̀. Àpapọ̀ àwọn wọ̀nyí ló jó Òṣoògùn. Bí a bá pè é ní ogun ẹ̀sìn, a ti sọ apá kan nínú rẹ̀. Bí a bá ní ẹ̀sìn kò sí níbẹ̀ rárá, irọ́ la pa.

Ohun tí Crowther ṣe nígbà tó dàgbà ló jẹ́ kí n fi í ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ nínú orí yìí. Ẹni tí Mùsùlùmí kó lẹ́rú lọ́mọdé ní ìdí láti kórìíra wọn títí ayé rẹ̀. Ní 1872 ó dé ààfin émíà Ìlọrin, ìlú tí agbára rẹ̀ ti fọ́ ilẹ̀ baba rẹ̀. Àwọn àáfà yí i ká, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè nípa ẹ̀sìn rẹ̀. Kò bú Ànábì wọn, kò sì bá wọn jiyàn. Bíbélì Yorùbá ló ṣí, ó sì kà á sí wọn létí ní èdè tí gbogbo wọn jọ gbọ́. Ibi tí málékà Gébúrẹ́lì ti bá Màríà sọ̀rọ̀ wà lára ohun tó kà, ìtàn tí Mùsùlùmí náà mọ̀ nínú Kùránì tirẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ jálẹ̀. Kò sí ẹni tó yí ẹ̀sìn padà lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó fi ìbínú jáde. Ìwé rẹ̀ nípa ìrírí rẹ̀ láàárín àwọn abọ̀rìṣà àti àwọn Mùsùlùmí jáde ní 1892, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ oníwàásù níṣẹ́ lónìí máa kà á, yálà ti ṣọ́ọ̀ṣì ni tàbí ti mọ́ṣáláṣí.

Gómìnà nínú mọ́ṣáláṣí

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894, wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí tuntun kan ní Èkó. Mohammed Shitta, oníṣòwò ńlá tí wọ́n bí ní Sàró fún òbí Yorùbá, ló fi owó rẹ̀ kọ́ ọ. João Baptista da Costa, ará Àgùdà, ló ṣe iṣẹ́ ilé náà lọ́nà tí wọ́n ń gbà kọ́lé ní Brazil. Ẹni tó jókòó gẹ́gẹ́ bí alága ni Gilbert Carter, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ṣojú Sultan Abdul Hamid ti Tọ́kì ni Abdullah Quilliam, agbẹjọ́rò ará Liverpool, òyìnbó pọ́ńbélé tó ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Òun ló mú oyè Bey wá fún Shitta, oyè tó sì mọ́ orúkọ ìdílé náà lára títí di òní.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbà pé Ìsìláàmù àti ilẹ̀ òyìnbó kò lè jókòó sí abẹ́ òrùlé kan náà, kí ó ṣàlàyé ọjọ́ yẹn fún wa. Àmọ́ kí ó tún rántí pé Carter yìí kan náà ló jẹ́ gómìnà nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn wọ Ìjẹ̀bú ní 1892, àti nígbà tí ọ̀gágun Bower yìnbọn sí Ọ̀yọ́ ní 1895. Ẹni tó bá dínà òwò tàbí tí kò tẹrí ba ni wọ́n ń bá jà, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe.

Ogun tí Gẹ̀ẹ́sì ń retí, àti èyí tó dé

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1914, Tọ́kì dara pọ̀ mọ́ Jámánì nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọ́n ké sí gbogbo Mùsùlùmí ayé ní Istanbul pé kí wọ́n dìde jíhádì sí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Rọ́ṣíà. Ìbẹ̀rù mú àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà. Ọdún mẹ́jọ péré ti kọjá láti ìgbà tí àwọn kan ní Satiru, lẹ́bàá Sókótó, ti dìde sí wọn ní orúkọ ẹ̀sìn, tí wọ́n sì pa àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó. Bí àwọn Mùsùlùmí Àríwá bá jẹ́ ìpè Istanbul ńkọ́? Wọn kò jẹ́ ẹ. Àwọn émíà dúró ti Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí Sultan Sókótó ṣe dúró tì wọ́n nígbà ti Satiru.

Òkè-Ògùn ni ìdìtẹ̀ ti bẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1916, àwọn ará Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn gbé ìjà dìde. Wọ́n kọ lu ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, wọ́n sì pa àwọn tí wọ́n kà sí ọwọ́ àti ojú ìjọba láàárín wọn. Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó gbọ́ pé Ìṣẹ́yìn, ìlú tí Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, dìtẹ̀ sí òyìnbó ní ọdún kejì lẹ́yìn ìpè jíhádì, kò ní ṣòro fún un láti so méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tó ń dun àwọn tó dìtẹ̀. Òyìnbó William Ross, tó jẹ́ Rẹ́sídẹ́ǹtì ní Ọ̀yọ́, ń gbé agbára Aláàfin Ládìgbòlù ga ju bí ó ti wà rí lọ lórí àwọn ìlú Òkè-Ògùn. Ilé ẹjọ́ tuntun ti gba ìdájọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjòyè àti àwọn àgbà ìlú. Wọ́n ń kó ènìyàn lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà láìsanwó. Nǹkan wọ̀nyí ló ń jẹ wọ́n lára. Òkèhò, níbi tí àwọn abọ̀rìṣà ti pọ̀ nígbà náà, ló kọ́kọ́ gbaná, Ìṣẹ́yìn tí Mùsùlùmí pọ̀ sí sì wà pẹ̀lú wọn. Abọ̀rìṣà àti Mùsùlùmí jọ jà nítorí pé ilé ẹjọ́ kan náà ló ń ni wọ́n lára.

Ìjọba rán ọmọ ogun wá, wọ́n tẹ ìdìtẹ̀ náà rì, wọ́n sì pa àwọn tí wọ́n pè ní olórí rẹ̀. Ní 1917, wọ́n mú àwọn ará Òkèhò kúrò lórí òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ níbi tí ìlú náà wà dòní. Ní 1918, àwọn Ẹ̀gbá náà gbé ogun Adubi dìde nítorí owó orí àti iṣẹ́ àìgbowó. Àwọn ìdìtẹ̀ wọ̀nyí kọ́ wa láti máa béèrè nǹkan kan nígbàkigbà tí wọ́n bá sọ fún wa pé Mùsùlùmí dìde sí òyìnbó: ta ló ń gba owó, ta ló ń dá ẹjọ́, ta ni kò sì ní ẹnu níbi tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé

Ibi tí Ìsìláàmù àti ilẹ̀ òyìnbó ti pàdé ní tòótọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ilé ìwé. Ibẹ̀ ni egbò wà, ó sì yẹ ká sọ ọ́ láìfi bò.

Àwọn míṣọ́nnárì dé Badagry ní 1842, ilé ìwé sì bá wọn wọlé. Ìwé kíkà àti ìgbàgbọ́ wá di nǹkan kan náà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọmọ tí ń jẹ́ Súlè nílé lè di Samuel lẹ́nu olùkọ́. Bàbá tó jẹ́ Mùsùlùmí ní láti yan ọ̀kan: kí ọmọ rẹ̀ má kàwé, kó má sì rí iṣẹ́ ìjọba, tàbí kó kàwé, kó sì padà wálé pẹ̀lú ẹ̀sìn mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ru ẹrù yìí. Ẹni tó bá ní ohun tó ń dun Mùsùlùmí Yorùbá nípa ilé ìwé jẹ́ àròsọ kò mọ ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá gbàgbé pé owó àti òógùn àwọn ọmọ ìjọ ló kọ́ àwọn ilé ìwé náà.

Ohun tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ṣe sí i yàtọ̀ sí ti àwọn tó wá fi orúkọ Bókò Háráàmù ṣe ọ̀tá ìwé òyìnbó, tí wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok ní oṣù Kẹrin ọdún 2014. Ní Èkó, ní 1923, wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ láti kọ́ ilé ìwé tí ọmọ Mùsùlùmí yóò ti kẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó láìyí orúkọ padà. Sheikh Adam Abdullah al-Ilori gba ọ̀nà mìíràn ní 1952: ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955, níbi tí ó ti fi tábìlì, kíláàsì, ìwé ẹ̀rí àti àkókò tó ní ìlànà kọ́ èdè Lárúbáwá. Ó mú ohun tó wúlò nínú ilé ìwé òyìnbó, ó sì fi í sin ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955 kan náà, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ó wá ṣeé ṣe kí ọmọ àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn wọ ilé ìwé láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ ń wá owó ìwé kiri.

Egbò náà kò tíì jinná. Nígbà tí ìjọba gba àwọn ilé ìwé míṣọ̀n ní àwọn ọdún 1970, wọn kò yanjú ìbéèrè ta ni ó ni ín ní tòótọ́. Ìdí nìyẹn tí híjáàbù fi di ìjà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ilé ẹjọ́ gíga ní Ọ̀ṣun dájọ́ pé kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa wọ̀ ọ́ ní ilé ìwé ìjọba. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì kan ní Ìwó wọ aṣọ akọrin wá sí kíláàsì láti fi hàn pé àwọn náà ní ẹ̀sìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ọ̀rọ̀ kan náà mú kí wọ́n ti àwọn ilé ìwé kan pa ní Ìlọrin. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá Mùsùlùmí láre nínú ẹjọ́ híjáàbù tó ti Èkó wá. Ìjà gidi ni, ó sì dun àwọn ènìyàn. Ẹ ṣàkíyèsí pé iwájú adájọ́ ni wọ́n gbé e lọ, àti pé àwọn ọmọ tó wọ híjáàbù àti àwọn tó wọ aṣọ akọrin jọ ń lépa ìwé ẹ̀rí kan náà ni.

Ìjà ọ̀nà jíjìn

Àwòrán Ànábì Muhammad tí ìwé ìròyìn kan tẹ̀ jáde ní Denmark ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005 pa ènìyàn ní Maiduguri ní oṣù Kejì ọdún 2006. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n gbẹ̀san rẹ̀ lára àwọn Hausa ní Onitsha. Báyìí ni ìjà ọ̀nà jíjìn ṣe ń wọ ilé ẹni: ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ jìnnà, o wá ẹni tó jọ ọ́ nítòsí.

Kò sì yẹ kí Yorùbá rò pé kò lè wọ ilé tiwa. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Michael Adebolajo àti Michael Adebowale pa ọmọ ogun Lee Rigby ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ojú ọ̀nà, ní ọ̀sán gangan. Ọmọ Nàìjíríà ni òbí wọn, orúkọ Yorùbá ni wọ́n ń jẹ́. Ilé Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n ti tọ́ Adebolajo. Kò gba Ìsìláàmù lọ́dọ̀ àáfà Ìṣẹ́yìn tàbí ti Ìbàdàn. Àárín àwọn ọ̀dọ́ tí ìbínú ogun Iraq àti Afghanistan ń jẹ lọ́kàn ló ti kó èrò rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí Britain bẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn náà, síbẹ̀ àwọn kan kọ lu mọ́ṣáláṣí láti gbẹ̀san. Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni pé kò sí ìbátan kankan, nínú ẹ̀sìn yòówù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì létí kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ.

Ìbẹ̀rù ń wá láti apá kejì náà. Amẹ́ríkà fi Nàìjíríà sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ni àwọn ẹlẹ́sìn lára ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ó yọ ọ́ ní 2021, ó sì tún dá a padà ní òpin oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Nígbà náà, Ààrẹ Donald Trump ní òun lè rán ọmọ ogun wá láti gba àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Òótọ́ ni pé wọ́n ń pa Kìrìsìtẹ́nì ní Nàìjíríà, kí ẹnikẹ́ni má sì sẹ́ ẹ. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé Bókò Háráàmù ti pa Mùsùlùmí púpọ̀, ó sì ti ju bọ́ǹbù sí mọ́ṣáláṣí. Ìtàn tó bá mẹ́nu ba ọ̀kan, tó sì fi ìkejì sílẹ̀, yóò dá kún ìjà náà.

Ohun tó ń dá ọwọ́ dúró, àti ibi tó ti ń rọ̀

Ní Òkàkà, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ìdílé ṣáájú ẹ̀sìn. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ àáfà, kí àbúrò jẹ́ pásítọ̀, kí bàbá wọn àgbà sì jẹ́ babaláwo. Ọjọ́ Iléyá, ẹran ń lọ sí ilé Kìrìsìtẹ́nì; ọjọ́ Kérésìmesì, ìrẹsì ń lọ sí ilé Mùsùlùmí. Ìwádìí tí Insa Nolte ti yunifásítì Birmingham ṣe pẹ̀lú àwọn onímọ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti 2012 fi hàn pé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ gan-an ní ìhà Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ìwà rere nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sun ilé ẹlẹ́sìn kejì níbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń gbé inú rẹ̀. Ọba ìlú náà kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan: yóò lọ sí yídì, yóò lọ sí ìsìn ìkórè, yóò sì jókòó níbi ọdún ìbílẹ̀.

Okùn ìbátan yìí ti ń rọ̀ níbì kan. Ní ọdún 1985 sí 1986, àgbélébùú tó wà nítòsí mọ́ṣáláṣí ní yunifásítì Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ da àwọn ọ̀mọ̀wé rú, àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìkéde pé wọ́n fẹ́ ṣí ìgbìmọ̀ Ṣàríà kan ní Ọ̀yọ́ dá ìjiyàn tó gbóná sílẹ̀ títí wọ́n fi sún un síwájú. Ìgbìmọ̀ náà wà fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ogún láàárín Mùsùlùmí tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì gbọ́ orúkọ náà, wọ́n sì rò pé gígé ọwọ́ ló ń bọ̀. WhatsApp ń gbé fídíò láti ìlú tí a kò mọ̀ dé abúlé láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn oníwàásù tuntun wà ní ìhà méjèèjì tó ń sọ pé ẹran Iléyá tàbí ìrẹsì Kérésìmesì kò bófin mu. Mo ka ìwàásù yẹn sí ewu ju ìwé Huntington lọ, nítorí pé okùn tó so ilé mọ́ ilé ni ó ń gé.

Ọ̀rọ̀ àwọn darandaran náà wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tí màlúù jẹ àgbàdo rẹ̀ ní ìdí láti bínú, wọ́n sì ti pa ènìyàn nínú ìjà yìí. Àwọn kan ń pè é ní jíhádì, nítorí pé Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn darandaran náà. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí pọ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń ba oko wọn jẹ́. Bí a bá sọ ọ́ di ogun ẹ̀sìn, àgbẹ̀ Mùsùlùmí ní Òkàkà kò ní mọ ìhà tí òun yóò wà, màlúù á sì ṣì wà nínú oko. Òfin tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ní 2019 lórí dída ẹran ní gbangba, àti Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní 2020, dojú kọ oko, omi, ọ̀nà màlúù àti ìbọn. Ẹnìkan lè ní wọn kò tó, ṣùgbọ́n wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà ní orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

Lọ bá àgbàlagbà méjì ní àdúgbò rẹ, ọ̀kan Mùsùlùmí, èkejì Kìrìsìtẹ́nì. Bi wọ́n léèrè irú ilé ìwé tí wọ́n lọ, orúkọ tí olùkọ́ ń pè wọ́n, àti ohun tí òbí wọn sọ nípa rẹ̀. Kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, láìtún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, mú ìròyìn kan tó ti dé orí fóònù rẹ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, tó sọ pé ẹlẹ́sìn kan kọ lu ẹlẹ́sìn kejì ní ibikíbi láyé. Wá ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Wá ẹni tó ń dá ẹjọ́ níbẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ ojú ewé méjì lórí ohun tí o rí, kí o sì fi wé ìdìtẹ̀ Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn ní 1916. Bí o kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè kan, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì mú un wá sí kíláàsì.